Bátìrì Lẹ́yìn Ìmúdójúìwọ̀n

Ìmúdójúìwọ̀n, èyí tí í ṣe ètò tuntun tí ilé-iṣẹ́ fi ń rọ́pò ti àtijọ́ nínú fóònù, a máa wọlé pẹ̀lú ìlérí pé ẹ̀rọ yóò já fáfá sí i, àmọ́ ohun tí onífóònù sábà máa ń kọ́kọ́ rí ni pé bátìrì tó ń bá a dalẹ́ tẹ́lẹ̀ kò bá a dé ọ̀sán mọ́. Ayé kọ́ ló ń ṣe é: bí ìyàwó tuntun tó ń tún ilé ọkọ tò ni fóònù ṣe ń to fọ́tò àti fáìlì lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wíwá wọn lè yá. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́ iná mọ́jú, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n onífóònù a máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún bóyá ara rẹ̀ ti yá, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù wà lára ohun tó ń jẹ iná jù. Ti bátìrì tó ti gbó yàtọ̀: ní 2017, Apple gbà pé ìmúdójúìwọ̀n kan ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù kó má baà kú lójijì, nítorí kò sí ìmúdójúìwọ̀n tí í sọ arúgbó di ọ̀dọ́.