Ìjàpá, Òkété àti Mọ́tò tó Ń Kọrin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, nígbà tí kò tí ì di ọkọ Yánníbo.

Ní ayé ìgbà kan, àwọn ẹranko kó kúrò nínú igbó, wọ́n wọ bàálù, wọ́n sì tẹ̀ dó sí Peckham ní gúúsù London. Wọ́n rí iṣu àti pánla rà ní Rye Lane, wọ́n rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní Old Kent Road, wọ́n ní kò tún sí ohun tí àwọn ń wá mọ́. Àwọn ọmọ wọn ló ń wá nǹkan. Ní ìlú ọ̀hún, bí ọmọ bá ti pé ọdún 17, òfin gbà á láyè láti máa kọ́ mọ́tò wíwà, láti ọjọ́ náà sì ni oorun ti ń dá lójú ọmọ.

Ìjàpá náà kọ́ mọ́tò. Ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi. Nígbà tó yá, ó yege. Kí ló gbé Ìjàpá dé ìdí mọ́tò? Yánníbo ni. Bí Ìjàpá bá gbéra láàárọ̀ láti lọ kí ọmọge yìí, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó débẹ̀, Yánníbo á ti jẹun tán, á sì ti ti ìlẹ̀kùn. Ìjàpá wá ní ẹsẹ̀ tí Ẹlẹ́dàá fún òun kò tó, òun á fi owó ra òmíràn.

Ó ra Corsa kékeré kan, 1.2, tí wọ́n ti lò gbó díẹ̀, ní £1,800. Wọ́n ní agbára ẹṣin 70 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹṣin tó ń gbé ní ilé kejì bẹ mọ́tò náà wò, ó ní bóyá ẹṣin tí wọ́n ń wí ti ń ṣàìsàn.

Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní ìlú náà ní 1988 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sójú títì láìní inṣọ́ránsì. Òkété ló ń ta inṣọ́ránsì, òun ni adójútòfò. Ó gbẹ́ ihò ńlá kan sábẹ́ ilẹ̀, gbogbo ẹranko tó ní mọ́tò ń da owó síbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tí òfò bá sì ṣe, inú ihò náà ni Òkété ti ń bu owó fún un. Ẹ ní ṣé Òkété tí a mọ̀ yìí náà ni? Òun náà ni. Bí owó bá ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fóònù rẹ̀ máa ń dún kó tó gbé e. Bí owó bá fẹ́ jáde, á fi orin sí i fún yín, á ní kí ẹ ṣe sùúrù, ẹ ṣe pàtàkì sí òun gan-an.

Òkété bi Ìjàpá léèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Níbo lò ń gbé? Níbo ni mọ́tò ń sùn lóru? Ṣé o ti yí ohunkóhun padà lára rẹ̀?

Ìjàpá ní, “Rárá, bí mo ṣe rà á ló wà.” Òótọ́ ni, nígbà yẹn.

Òkété ṣírò, ó ní £2,100.

Ìjàpá figbe ta. “Owó inṣọ́ránsì ju owó mọ́tò lọ?”

Òkété ní, “Kì í ṣe mọ́tò rẹ ni mo ń bẹ̀rù. Ẹfọ̀n tí o lè lọ kọlù ni mo ń ṣírò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti kó owó nínú ihò yìí tó. Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni a pín mọ́tò sí, tìrẹ wà lápá ìsàlẹ̀ nítorí pé ó kéré, kò sì lè sáré. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kí ó máa sáré, pè mí kí o tó gbé e jáde. Ó wà nínú ìwé àdéhùn.”

Ìwé àdéhùn nípọn bí ìwé orin ìjọ. Ìjàpá ka ojú ewé tí orúkọ rẹ̀ wà, orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó pa ìwé dé.

Kò pẹ́ tí Ìjàpá fi gbé mọ́tò lọ bá Ọ̀bọ, mẹkáníìkì abẹ́ afárá rélùwéè. Ọwọ́ Ọ̀bọ kì í dúró sójú kan. Ó yọ ohun tí ẹ́ńjìnnì fi ń sẹ́ atẹ́gùn, ó fi òmíràn tó ń hó ṣùùù sí i. Ó gé sáyìlẹ́ńsà dànù, ó so páìpù tí orí ọmọdé lè wọ̀ mọ́ ọn. Ó gé sípíríǹgì kí mọ́tò lè fi ikùn wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé kọ̀ǹpútà jáde, ó tún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì kọ, débi pé bí Ìjàpá bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, epo á máa jó nínú páìpù, á máa bú gbàù bí ìbọn ọdẹ.

Ó gba £900. Nígbà tí wọ́n wọn agbára rẹ̀, ẹṣin 70 ti di 74. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ní tọ́bò, ta ló lè fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹṣin mẹ́rin ni Ìjàpá rà, ariwo ni wọ́n fi ṣe ènì.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Ìjàpá wa mọ́tò kọjá lójú fèrèsé Yánníbo. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ni páìpù bá gba orin:

Lílé: Ará Peckham, ẹ bọ́ síta
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Ọ̀bọ tú mi palẹ̀, ó tún mi tò
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Ó so páìpù ràbàtà mọ́ mi nídìí
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Gbogbo ayé ló ti gbọ́ o
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Ta ni kò tí ì gbọ́? Òkété ni
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!

Àwọn ọmọdé àdúgbò gbe ègbè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó fetí sí lílé. Ìjàpá rò pé oríkì òun ni mọ́tò ń kì, ó gbé fóònù, ó ya fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Nínú fídíò náà ló ti ń rẹ́rìn-ín pé, “Ẹ wo ohun tí mo ṣe sí ọmọ mi! Ẹ má sọ fún Òkété o!”

Ehoro, ọ̀rẹ́ Ìjàpá, náà ti pààrọ̀ sípíríǹgì àti àgbá táyà. Ó fẹ́ dákẹ́ bíi ti Ìjàpá, àmọ́ ìyá rẹ̀ dúró tì í lórí, ó ní, “Gbé fóònù yẹn kí n tó gbé e fún ọ.” Adójútòfò àkọ́kọ́ tó pè ní òun kì í gba irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá Òkété kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọn mọ́tò tí wọ́n tún ṣe gbà á, ó bu £160 lé e. Ìjàpá àti Ọ̀bọ fi Ehoro ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọ̀dọ́ ẹranko ní àwọn ń lọ fi mọ́tò yan ní etí òkun Southend. Wọ́n gba inú ihò Blackwall tó wà lábẹ́ odò Thames kọjá, wọ́n kọrí sí ìlà oòrùn. Páìpù Ìjàpá ń kọrin lọ, Yánníbo fi ọwọ́ di etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé ráńdábáòtù kan, Ìjàpá tẹ búréèkì, ṣùgbọ́n sípíríǹgì tí wọ́n ti gé kò jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú. Mọ́tò yọ̀ rọ̀rọ̀, ó lọ forí sọ ìdí fáànù Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n bọ́ sílẹ̀, ó wo ìdí fáànù, ó wo Ìjàpá, ó ní, “Fún mi ní orúkọ adójútòfò rẹ.”

Òkété rán Àwòdì láti wá yẹ mọ́tò wò. Ìjàpá sá tọ Ọ̀bọ lọ pé kó bá òun dá sáyìlẹ́ńsà àtijọ́ padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa mọ́tò lọ sí ọgbà Òkété. Àwòdì kò tí ì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn yí kọ́kọ́rọ́ ni:

Lílé: Àwòdì olójú iná, káàbọ̀
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Wo abẹ́ mi, wo inú mi
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Ohun tí Ìjàpá fi kún mi
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!
Lílé: Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí
Ègbè: Gbìrì-gbìrì gbàù!

Òkété pe Ìjàpá. Ìjàpá ní, “Bí mo ṣe rà á ló wà.” Òkété tẹ fóònù, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ẹ wo ohun tí mo ṣe sí ọmọ mi.

Ìjàpá ní, “Áà! Mo gbàgbé láti sọ ni o.”

Òkété ní, “Ìwé àdéhùn ti ro ìyẹn sí. Ká ní àìbìkítà ni o kò fi pè mí, a ó wo iye tó yẹ kí o san. Bó bá jẹ́ ìlàjì lo san, a ó san ìlàjì òfò rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́ fún mi, mo lè fagi lé ìwé rẹ̀, kí n má sì san òfò rẹ̀. Èwo ni tìẹ?”

Ìjàpá la ẹnu láti sọ pé ti àìbìkítà ni. Fídíò kò tí ì tán. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn: ẹ má sọ fún Òkété o.

Òkété ya ìwé. Ó san owó Ẹfọ̀n, nítorí òfin 1988 kò jẹ́ kí Ẹfọ̀n tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jìyà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìjàpá, ó ní kó san án padà fún òun. Láti ọjọ́ náà, gbogbo adójútòfò tí Ìjàpá bá pè ló ń bi í pé, “Ṣé ẹnikẹ́ni ti fagi lé ìwé rẹ rí?”

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí Ìjàpá sinmi? Ìjàpá kọ̀, kò sinmi. Ó tún mọ́tò ṣe lóru, ó gbé e jáde láìní inṣọ́ránsì rárá. Kámẹ́rà ojú títì ka nọ́ńbà rẹ̀, Ajá Ọlọ́pàá dá a dúró: £300, àmì mẹ́fà sórí láísẹ́ǹsì, mọ́tò sì di ti ọgbà ìjọba. Ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tí ì pé ọdún méjì, bí àmì mẹ́fà bá ti lé e lórí, láísẹ́ǹsì ọ̀hún ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní kí Ìjàpá padà di akẹ́kọ̀ọ́, kó lẹ L pupa mọ́ mọ́tò. Mọ́tò wo?

Ó tún dun Ehoro ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ọdún yípo, Òkété àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ fi owó kún owó gbogbo ọ̀dọ́, wọ́n ní ihò ti ń fà gbẹ. Ehoro tó sọ òótọ́, tó sanwó òótọ́, bá wọn san nínú irọ́ tí kò pa. Ó pe Òkété láti ráhùn. Orin ló gbọ́.

Yánníbo gbà láti fẹ́ Ìjàpá. Ó ní ọkọ tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ní í jí ọmọ òun lójú oorun.

Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí Ìjàpá bá gbúròó ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, wéré ló máa ń fa orí wọnú igbá. Ó ń rò pé Àwòdì ló tún dé, tó fẹ́ bi òun léèrè ohun tí òun fi kún mọ́tò.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Àlọ́ mi kọ́ wa pé ohun tí a bá pariwo rẹ̀ fún gbogbo ayé, kí a má fi pamọ́ fún ẹni tí a sanwó fún kó lè gbọ́. Bí mo bá purọ́, kí Òkété ya ìwé mi, kí agogo ẹnu mi má sì ró. Ṣùgbọ́n bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó! Pó! Pó!