Pupa Ni Dúró

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi tó bá mi sọ ọ́: lọ́dún àkọ́kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ fíìmù n'Íbàdàn, mo fi odindi ọjọ́ kan ya fíìmù tí kò sí níbì kankan.

Saworoidẹ ló kó bá mi. Mo ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999 yẹn débi pé bí òṣèré bá ṣe ń yanu ni mo ti ń bá a parí ọ̀rọ̀. Mo wá rò pé ẹni tó bá mọ fíìmù wò tó báyẹn, yíyà rẹ̀ ò lè nira. N kò rántí pé Kèlání fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé kámẹ́rà kó tó di ẹni tí ń pàṣẹ fúnni. Èmi, fìlà ni mo kọ́kọ́ rà. Fìlà àti awò dúdú.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa kọ́ wa ní bọ́tìnnì kámẹ́rà, mo wà ní kíláàsì o. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, mo gbé kámẹ́rà kejì lé èjìká, ọ̀rẹ́ mi ń fi fóònù yà mí. Fọ́tò yẹn dáa gan-an. Màmá mi ti fi han gbogbo ìjọ wọn.

Wọ́n wá fún wa níṣẹ́: fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwa mẹ́rin pọ̀. Olùkọ́ wa, tí à ń pè ní Bàbá Lẹ́ǹsì bí kò bá sí nítòsí, ti bá wa ṣírò rẹ̀: àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì jẹ́ àwòrán 4,320. Ìtàn tèmi, ìyá kan ló ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ tó rìnrìn àjò tí kò padà. Màmá onílé mi ni mo fi ṣe ìyá náà. Mo jẹ wọ́n lówó ilé oṣù mẹ́ta, mo sì rò pé ìyẹn á jẹ́ kí ẹkún tètè yọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ to nǹkan tán ni NEPA mú iná (orúkọ yòówù kí wọ́n máa jẹ́ báyìí, NEPA ni wọ́n). Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní ₦1,000 kó pa á fún wákàtí kan. Ó pa á. Kò pẹ́ ni méjì dún lẹ́yìn ilé. Mo sanwó. Ni mẹ́ta bá dún lójú títì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, mo mọ̀ dájú pé láti Iléyá tó kọjá ni jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ti kú. Ó lọ yá ti àna rẹ̀ wá ni.

Àwo àmàlà wà níwájú Màmá, oúnjẹ tí ọmọ kò wá jẹ. Nígbà tí a máa yà á lẹ́ẹ̀kẹrin, àwo ti gbófo. Ẹni tó ń bá wa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló jẹ ẹ́. Ó ní apá ń ro òun.

Ọ̀rọ̀ pupa ló wá kù. Àmì róbótó pupa kan máa ń yọ lójú kámẹ́rà yẹn. Bí mo ṣe tàn án, n kò rí pupa kankan, mo rò pé ó ti ń yà nìyẹn. Mo sáré tẹ bọ́tìnnì kó má baà jẹ bátìrì mi. Pupa yọ. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó ti ń wọ máíkírà n'Íbàdàn láti kékeré ni mí, mo mọ iná ojú pópó: pupa ni dúró. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá ti múra tán, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí pupa lọ, màá wá ké pé, “Ákíṣàn!”

Màmá sunkún. Ẹ gbà mí gbọ́, Màmá sunkún. Wọ́n ki oríkì ọmọ náà, wọ́n káwọ́ lérí, ikun ń já bọ́ nímú wọn. Àwọn tó gbowó jẹnẹrétọ̀ dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń nu ojú. Mo ké pé, “Kọ́ọ̀tì!” mo tẹ bọ́tìnnì, pupa yọ, mo ní ká sinmi. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yẹ ohun tí a yà wò. Bátìrì là ń ṣọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tàn án sára ògiri kíláàsì. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, bàtà mi. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń gé òkèlè àmàlà. Ohùn Màmá jáde, wọ́n ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀: “Oṣù kẹta rèé tí ọmọ yìí ò sanwó ilé, ó ní kí n máa sunkún. Ṣé ó yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ mi?” Lẹ́yìn náà ni èmi gan-an jáde, mo ń sín ìrìn Bàbá Lẹ́ǹsì jẹ, mo ní tí wọ́n bá mọ fíìmù yà ni, ṣé kíláàsì ni wọn ì bá wà?

Bàbá Lẹ́ǹsì ò bínú. Ìyẹn ló burú. Wọ́n ní, “Láyé ìgbà tí Ògúndé ṣe fíìmù Aiyé ní 1979, òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n yà. Ìwọ, ojú ẹ ló wà, o ò wò ó.” Wọ́n fún wa ní òdo fún àwòrán. Fún ohùn, wọ́n fún wa ní 7 nínú 10. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo sọ nípa àwọn ni àwọn gbọ́ ketekete.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá wé gèlè wá wo fíìmù wọn, àwọn ará ilé tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń dá ẹsẹ̀ ara wọn mọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: “Bàtà mi rèé!” Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ owó ilé, Màmá mi orí, wọ́n ní, “Òótọ́ ni mo sọ.” Wọ́n wá béèrè ẹkún wọn. Mo ṣàlàyé pupa títí. Wọ́n ní àwọn á tún un sun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí owó ilé bá ti kọ́kọ́ wọlé.

Mo yáwó san oṣù méjì. Ní Àbámẹ́ta, Màmá jókòó ti àwo àmàlà tuntun, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀.

“Pupa yẹn ńkọ́?”

“Ó ti yọ, Màmá.”

“Gbé e wá, kí n fojú ara mi rí i.”