Àwọn Afi-Máíkì-Ṣàánú

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n má baà pariwo. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu mi, ó ń yún mi létè. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní Gánà, títí kan ìlú Tamale níhà àríwá lọ́hùn-ún, èèyàn lè kú kí ìjọ tó fi gbogbo ayé ẹ̀ sìn máa béèrè gbèsè lọ́wọ́ òkú ẹ̀? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n sọ tán. Káàdì ni wọ́n ń lò. Owó oṣù wà, owó ọdún wà, ti ẹgbẹ́ obìnrin wà, ti ẹgbẹ́ ọkùnrin wà, ti ìrànlọ́wọ́ wà, gbogbo ẹ̀ ni akọ̀wé ń fi bírò sàmì sí. Lọ́jọ́ tí olúwa ẹ̀ bá dákẹ́, tí àwọn ọmọ sunkún lọ bá àwọn alàgbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “Kí ló ṣe é?” “Káàdì ẹ̀ dà?” ni. Háà! Wọn á ṣí i, wọn á wo àlàfo, wọn á ṣírò. Bí owó bá ṣẹ́ kù, pásítọ̀ ò ní wọ̀wù, akọrin ò ní kọrin, pósí ò ní wọnú ilé Ọlọ́run, àfi bí ẹbí bá san án. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é kò kéré, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn ará Gánà fúnra wọn ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀, lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn.

Àwọn alàgbà ní ìdáhùn tiwọn, n ò ní fi í pamọ́. Wọ́n ní bí èsúsú ni: ẹni tí kò dá kì í kó, bí kálukú bá sì ń dúró dìgbà tí ikú dé kó tó sanwó, àpótí á gbẹ. Mo gbọ́. Àmọ́ ta ni kì í rówó san? Ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù ń wọlé fún ní báǹkì ni, àbí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà létí títì láti ìdájí? Ìyá yẹn ló ṣàìsàn. Ó jókòó sílé oṣù kan, ó jókòó oṣù kejì, ẹnikẹ́ni ò yà wò ó. Àlàfo tó wà lójú káàdì yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó pé nǹkan ń ṣe é. Wọ́n rí i, gbèsè ni wọ́n kà á sí. Èèmọ̀ rèé!

Ẹ wá wo ibi tí owó ti ń ya jáde. Ọrẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kofi àti Ama. Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ lo fi máa dáwó: àwọn Kwasi àti Akosua tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú, àwọn Kwadwo àti Adwoa ti ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ títí kan àwọn Kwame àti Ama ti Àbámẹ́ta. Ọ̀wọ́ méje. Ìlù á máa dún, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á jó jáde, wọn á kàwó, wọn á gbé máíkì, wọn á kéde ẹni tó ń léwájú àti ẹni tó gbẹ́yìn. Inú á bí àwọn tó gbẹ́yìn, wọn á tún jó jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn Akan níhà gúúsù ni orúkọ ọjọ́ yìí ti wá. Kì í ṣe orúkọ àwọn Dagomba tó nilẹ̀ Tamale, kì í sì í ṣe ti Yorùbá, síbẹ̀ ẹ wo bí gbogbo wọn ṣe tètè rí ọjọ́ tiwọn! Wọ́n tiẹ̀ sọ fún mi nípa bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ọjọ́rú lọ́dún kan, tó wá di ọmọ ọjọ́ Ẹtì lọ́dún kejì, torí pé ibẹ̀ làwọn olówó pọ̀ sí. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì nìyá ẹ̀ bí i ni?

N ò ní kí wọ́n má jó. Owó yẹn ń kan òrùlé, ó ń ra àga, kò sì sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ó ń dùn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó lè yọ owó gọbọi kí Ẹtì má baà borí Àbámẹ́ta, òun náà ni kò rí nǹkan kan fún ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n ti lé ọmọ ẹ̀ kúrò níléèwé.

Ìkórè ńkọ́? Awó kan ṣoṣo, tí ẹ lè rà lọ́jà Aboabo ní Tamale kí ẹ sì gba ṣẹ́ńjì, wọn á fi ṣe gbàǹjo lọ́jọ́ ìkórè, owó ẹ̀ á gòkè títí á fi dé iye tí wọ́n ń ta ewúrẹ́. Ẹni tó rà á á dìde, á juwọ́ sí ìjọ, wọn á yà á ní fọ́tò. Ẹ lọ bi ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ léèrè ìgbà tó gbowó oṣù kẹ́yìn. Ẹ má bi mí lórúkọ o, mo ṣì fẹ́ máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má rò pé ará Tamale ló kọ́kọ́ dá irú ẹ̀. Àwọn ará Kọ́ríńtì ńkọ́? Àwọn olówó wọn á tètè dé síbi oúnjẹ Olúwa, wọn á jẹ, wọn á mu yó, nígbà tí tálákà máa fi dé, ebi ló máa bá níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù gbọ́, ó sì kọ lẹ́tà gbígbóná sí wọn. Ìjọ tí Jákọ́bù ń bá wí náà, bí ẹni tó wọ òrùka wúrà bá wọlé, àga iwájú. Bí alákìísà bá wọlé, kó jókòó nílẹ̀. Ananíà àti Sàfírà, tọkọtaya yẹn, ta ilẹ̀, wọ́n yọ nínú owó, wọ́n wá gbé ìyókù wá bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó sílẹ̀. Ṣebí Pétérù sọ fún Ananíà pé tiẹ̀ nilẹ̀, tiẹ̀ lowó? Kì í ṣe owó tí wọ́n yọ ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ìyìn tí kò tọ́ sí wọn ni wọ́n ń wá. Ká ní máíkì ti wà láyé ọjọ́un, wọn ì bá dì í mú.

Àmọ́ eré ni gbogbo ìyẹn tí mo bá rántí ọdún 1969. Ẹ fa àga mọ́ra.

Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn Yorùbá èèyàn wa fi gbé ní Tamale, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di olú-ìlú àríwá lọ́dún 1907. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, ará Ìgbòho, ará Ìgbẹ́tì, ará Ṣakí, ará Ìlọrin. Wọ́n pọ̀ lọ́jà débi pé òyìnbó kan, J. S. Eades, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí wọn, ó sì kọ ìwé kan, *Strangers and Traders*, tó jáde lọ́dún 1993. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ọmọ ìlú kan á ti ilé dé, kò lówó, kò gbédè. Èèyàn ẹ̀ á gbà á sílé, á gbé ọjà díẹ̀ lé e lórí kó máa kiri, á kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń nájà, á máa fún un lọ́jà àwìn títí tóun náà á fi ní ìsọ̀ tiẹ̀. Nígbà tó bá yá, òun náà á ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò máa bọ̀. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, ojú lásán ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó gbé máíkì lé e lórí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò tíì rí ìwàásù lórí ìfẹ́ tó tó o.

Àwọn Onítẹ̀bọmi láàárín wọn gbé ìjọ dání pẹ̀lú ẹrù ọjà. Bí ẹ bá rí ìjọ Onítẹ̀bọmi káàkiri Gánà lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Abẹ́ àpapọ̀ ìjọ ti Nàìjíríà ni wọ́n tiẹ̀ wà títí di nǹkan bí ọdún 1964.

Ó wá di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Kofi Busia ní Gánà, tí kò tíì pẹ́ lórí àléfà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọn ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ńkọ́? Ẹ jọ ń lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ogun abẹ́lé ò tíì parí ní Nàìjíríà tí wọ́n ń lé wọn padà sí.

Ibí yìí lẹ ó ti mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́ ará. Àwìn tí wọ́n ti tà síta, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ẹni tó jẹ wọ́n lówó mọ̀ pé bí òun bá ti lè sá pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó parí. Ọjà tí wọ́n ń kó jọ bọ̀ láti ìgbà èwe, ẹ̀dínwó ni wọ́n ń tà á. Àwọn kan fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n gun ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń wẹ̀yìn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tó dé ilé, tí etí mi ò sì fẹ́ gbà á, ni pé nínú àwọn tó ń wá dúnàádúrà bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìránṣọ lálẹ́, wọ́n rí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ Olúwa. Wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ káàánú, á pòṣé, á ní kí Ọlọ́run máa bá wọn lọ, á wá béèrè pé èló nìkẹyìn. Ẹ gbà mí! Ṣé irú ẹnu yẹn náà ló tún máa fi gbàdúrà lọ́jọ́ Àìkú?

Kí n má purọ́ mọ́ gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn kan pa ẹrù mọ́, wọn ò fọwọ́ kàn án, nígbà tí àwọn tó ni í sì padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n kó o fún wọn. Mo ti béèrè orúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó rántí. Orúkọ àwọn onígbèsè ni wọ́n há sórí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l’Ékòó, ẹ má tíì máa mirí o. Oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, àwọn ará Gánà tí wọ́n lé sì tó mílíọ̀nù kan. A wá fi wọ́n sọ báàgì onílà gàgàrà yẹn lórúkọ, Ghana Must Go, à ń fi kẹ́rù títí dòní, à ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ bi àwọn òbí yín léèrè ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n rà ní ọ̀pọ́ lóṣù yẹn.

Ohun tó tún ń tì mí lójú ni pé ìlú Mùsùlùmí ni Tamale. Àwọn ló pọ̀ jù, ojú wọn la sì ń ṣe gbogbo ẹ̀ yìí. N ò sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe déédéé. Àwọn náà ní tiwọn, ẹ jẹ́ kí ẹni tiwọn wí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo sàká: ìdá kan nínú ogójì owó tó bá pé ọdún lọ́wọ́ ẹni, wọ́n sì ti ka àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i sílẹ̀. Tálákà wà níbẹ̀, arìnrìn-àjò wà níbẹ̀, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: onígbèsè! Àwọn ní kí wọ́n fún onígbèsè lówó. Àwa ń yọ káàdì sí òkú ẹ̀.

Ó ti tó, kí n sọ èyí tó kù. Ìjọ Jerúsálẹ́mù náà ní wàhálà ìrànlọ́wọ́. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn dá nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì ò sọ pé kí wọ́n mú káàdì wá. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò máa bójú tó o. Ẹ wá ka orúkọ wọn: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikánórì, Tímónì, Pámẹ́nà, Nikólásì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo ẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ráhùn gan-an ló jọ pé wọ́n ti mú àwọn tó máa pín in! Nínú ìjọ tí a ti ń gbọ́ Twi, Dagbani, Frafra, Dagaare àti Yorùbá lórí bẹ́ǹṣì kan, ẹ sọ fún mi, àwọn wo ló jókòó sí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́? Àwọn ọkùnrin onísúùtù, àwọn tí kò gba ìrànlọ́wọ́ rí, àwọn tí ọ̀wọ́ wọn ń gba ipò kìíní nínú Kofi àti Ama.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ ò ní pẹ́ yan ìgbìmọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi opó méjì, ó kéré tán, sínú àwọn tó ń pín owó ìrànlọ́wọ́, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí kì í sọ èdè tí ẹ fi ń wàásù.