Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àǹtí wa Àgbà, lórí Iyán tó Ń Tutù

Àǹtí wa àgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ni. Mo mọ̀ pé wọn yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nílé wa l'Ókè-Àgbè, àwọn aládùúgbò yóò sì gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹjọ́ tí a bá rò fún yín nínú yàrá, a kì í tíì rò ó tán tí ẹ fi ń dá a.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù. Oṣù Kẹwàá kì í tíì parí tí ẹ óò ti máa pè: "Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?" Ní 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, tí owó mọ́tò fò sókè, mo rò pé mo ti rí àwáwí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àṣé ẹ ń gbọ́ rédíò! Bí ìjọba àpapọ̀ ṣe kéde lóṣù Kejìlá pé àwọn yóò gé owó ọkọ̀ sí ìdajì fún àwọn tó ń lọ ṣọdún, tí reluwé yóò sì jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ pè mí. Ẹ wá di agbẹnusọ Ààrẹ. Mo ní ọkọ̀ tí èmi ń wọ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n yàn. Ẹ ní reluwé ńkọ́? Àǹtí, reluwé wo ló ń gba Ọ̀wọ̀ kọjá?

Ti iyán. Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Àbújá dé, ẹ kì í bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ọmọrí odó lẹ ń nà sí i. Ẹ̀yin á jókòó sórí àpótí, ẹ óò ki ìka bọ iyán, ẹ óò gbé e sójú wò, ẹ óò ní: "Kókó kan nìyí." Kókó tí kò tó hóró ẹ̀gúsí! Gbogbo rẹ̀ á padà sódó. Mo ra póńdò wá lọ́dún kan kí apá wa lè sinmi. Ẹ ní kí wọ́n gbé e síbi tí à ń kó ọṣẹ sí.

Ti ẹran nìkan ni n kò ní bá yín jà sí. Ilé wa dàpọ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Àkókó. Ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àkùkọ Kérésì títí Àlàájì àbúrò wa yóò fi ti Ìkàrẹ́ dé wá dúńbú rẹ̀, kí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ lè bá wa jẹ ẹ́. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lópin ọdún 2006, tí Kérésì àti Iléyá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ di ẹrù. A jẹran títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro wá.

Àdúrà yín ló jẹ́ kí n gbé kálàmù. Iyán ti wà nínú abọ́, èéfín ń rú, epo ti léfòó lójú ọbẹ̀. Ẹ ní ká dìde ká dúpẹ́. Ẹ óò dúpẹ́ lórí ẹni tó bímọ, lórí ẹni tó ríṣẹ́, lórí ẹni tó ṣì ń wá a. Ẹ óò fi èdè Àfá ṣe é, ẹ óò tún fi Yorùbá ṣe é nítorí àwọn ìyàwó tó wá láti Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ẹ óò wá fi gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i fáwọn ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni?

Ṣùgbọ́n ẹ ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Lóṣù Kìíní 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin l'Ákùngbá, ọmọ ọlọ́mọ sì kú. Ibẹ̀ yẹn làwa tó ń ti Ọ̀wọ̀ bọ̀ ń gbà kọjá. Àwọn tó gba Òkè Ọ̀kà wọlé náà mọ ohun tí ojú wọn ń rí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Láti ọdún náà, bí ẹ bá ti dárúkọ Àkùngbá nínú àdúrà, kò sẹ́ni tó ń wo abọ́ mọ́. Ẹ óò la ojú kan, ẹ óò máa kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa ṣe àmín, àtèmi alárìíwísí.

Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, ká ní ẹ panu mọ́ ni, kálukú ì bá ti máa dá jẹ ìrẹsì tirẹ̀ l'Ékòó. Ẹ ṣeun o, Àǹtí. Mi ò ní kẹ́ ẹ gé àdúrà yẹn kúrú. Ẹ kàn jọ̀ọ́, ẹ máa gbà á nígbà tí iṣu ṣì wà lórí iná. Mo ti fi owó iṣu tọdún yìí ránṣẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín l'Ékòó.