Oríkì Amúlétutù Ọkọ̀ Tí Wọ́n Pè Tí Kò Jẹ́

Kábíyèsí amúlétutù inú ọkọ̀, ọlọ́lá tí wọ́n tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí orí ìka fi fẹ́ bó, tó fún gbogbo èrò ọkọ̀ ní ooru ọ̀fẹ́ dípò atẹ́gùn tútù, ni oríkì yìí wà fún. Amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ kì í gba ìyìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tútù ń rò. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ lọ́sàn-án gangan lórí afárá Third Mainland ní Èkó, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọ̀gá á pe orúkọ rẹ̀, awakọ̀ á pè é, aṣọ á sì lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn. Asọ-olówó-di-alábẹ̀bẹ̀. Amú-ọ̀gá-yí-gíláàsì-sílẹ̀. Agbowó-mẹkáníìkì-mọ́-ti-oníwáyà.

Ọmọ ẹni gíga ni. Ní ọdún 1939 ni ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà kéde ọkọ̀ tí amúlétutù bá a jáde láti ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ ńlá tó gba àyè ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, tí kò sì ní bọ́tìnì tí wọ́n lè fi dá kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ dúró rárá. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, tó sì ń lé e kiri inú páìpù kí ó lè máa ru ooru inú ọkọ̀ síta. Ẹni tí òtútù bá sì ti mú jù láyé ìgbà náà ní láti dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì bọ́ bẹ́líìtì kúrò lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Baba ńlá kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ọmọ-ọmọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jí. Agídí ìdílé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ọba kì í ti í dá jáde láìjẹ́ pé àwọn ìjòyè fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni Kábíyèsí yìí kì í dìde tí ẹyọ ìjòyè kan bá yarí. Ìkíní ni fíúùsì, fọ́nrán tín-ín-rín tó ń jó kí wáyà ńlá má baà jó. Riléè tẹ̀ lé e, èyí tí iná kékeré fi ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, riléè fèrè bá a mu régí, wọ́n sì lè fi í pààrọ̀ rẹ̀ láti dán an wò. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà lóhùn nínú ọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ìjòyè tó le jù ni olùṣọ́ ìfúnpá, ohun kékeré kan lára páìpù tó ń já iná bí gáàsì inú rẹ̀ bá kéré jù tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ bá ga jù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Kábíyèsí dìde, kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì, kí ó sì wo iwájú kọ́ńpúrẹ́sọ̀, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ òde ti ń bá bẹ́líìtì yí ní gbogbo ìgbà, tí irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín rẹ̀ sì dúró gbagidi. Irin yìí ni wọ́n ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì. Bí iná bátìrì, fólìtì 12, bá dé inú wáyà tí wọ́n ká sẹ́yìn rẹ̀, wáyà náà á di òòfà, á fa irin náà mọ́ra, á dún kẹ́, òun àti kẹ̀kẹ́ á sì jọ máa yí. Bí iná bá dé ibẹ̀ tí irin kò mira, àwọn ìjòyè kò jẹ̀bi mọ́, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló kọ̀.

Oríkì àwọn amúlétutù tó ń kọ̀ kò sì dọ́gba. Ajẹ́pè-láàárọ̀-kọ̀-lọ́sàn-án ni èyí tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ: àlàfo tó wà láàárín irin àti kẹ̀kẹ́ kì í sábà tó mìlímítà 1, bí ó bá sì ti fẹ̀ jù, òòfà tí ooru ti sọ di aláìlágbára kò ní lè fa irin náà mọ́. Asáré-tutù-dúró-gbóná ni èyí tí fáànù iwájú rẹ̀ ti kú, nítorí atẹ́gùn eré tó kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn àwọ̀n irin iwájú radiétọ̀ tí gáàsì ti ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀, lórí títì márosẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá há sí Ojúẹlẹ́gba, ìfúnpá á ga, olùṣọ́ á sì já iná.

Ẹbọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ rú sí gbogbo wọn ni gáàsì R-134a, láìbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àná. Gáàsì kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí, bí ó bá sì dín kù, ó ń jò níbì kan, ojú ibẹ̀ sì sábà máa ń ní òróró tí eruku lẹ̀ mọ́, nítorí òróró kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ń bá gáàsì rìn ni. Ìdí nìyí tí ó fi burú pé àwọn oníwáyà kan, tí olùṣọ́ ìfúnpá bá ti já iná, á so wáyà fo ó kọjá, tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á máa yí láìsí gáàsì, láìsí òróró, títí yóò fi nọ́ọ̀kì. Nínú gbogbo ààfin, olùṣọ́ yìí ló ṣe olóòótọ́ jù, òun náà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ rọ̀ lóyè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ra kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, tí wọ́n á dè é mọ́ páìpù tó ṣì ń jò. Nígbà tí agara bá wá dá olówó rẹ̀, tó fẹ́ ta ọkọ̀, á ti yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀ kí olùrà tó dé, á máa yin atẹ́gùn ìta. Bí olùrà bá sì takú pé òun fẹ́ gbọ́ nípa Kábíyèsí, á ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, gáàsì ló kàn fẹ́.