Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, bí òwe lásán ni wọ́n ṣe ń pa á, nítorí pé láti etíkun títí dé orí òkè Èkìtì, kò sí ẹni tí ojú wọn rí rí tí ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó sì fi gbé ògiri ró. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wọn yóò tò sí ìsọ̀ ọlọ́jà, tí wọn yóò sì fi owó gidi ra itọ́ náà ní ìká-ìká, tí wọ́n ti fi kun ẹ̀yìn bébà aláràbarà láti òkè òkun wá.

Bébà ara ògiri ni mò ń wí, èyí tí kò béèrè omi, tí kò béèrè lẹ́ẹ̀: ẹ bó ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó parí. Arẹwà a-bó-lẹ̀, òdòdó tí kò ní gbòǹgbò, bíríkì tí kò wúwo, mábùù tí ọmọ ọwọ́ ń fi èékánná ya! Wọn kì í sì í lẹ̀ ẹ́ yí pálọ̀ ká. Ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n ń yàn ní ààyò, èyí tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀, tí fóònù yóò sì máa ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù a wà níbẹ̀ bí ìyáálé tí ọkọ ti gbàgbé.

N kò mọ ìlú tí òwe yìí bá mu ju Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì lọ, nítorí pé àárín òkè ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí, ìrì kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú náà tí ń bẹ l'Ékòó, tí ó fẹ́ wá ṣe Kérésì nílé. Ilé tí baba rẹ̀ fi bulọ́ọ̀kù kọ́, tí bíríkìlà ìgbà náà kò tẹ́ ọ̀rá sórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, omi ilẹ̀ ti ń gun ògiri rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, iyọ̀ funfun ń hù lára pílásítà, ọ̀dà sì ń bó. Bíríkìlà àgbàlagbà kan wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dí ọ̀nà omi yìí, ká ha pílásítà yìí kúrò, ká tún un rẹ́, kó sì gbẹ fún bí oṣù kan." Ọ̀gá dáhùn pé, "Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Kérésì ti dé tán." Bàbá lọ sílé, bébà wọlé.

Ọyẹ́ bo àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ní Kérésì, ògiri ń dán yinrin, àlejò ń yin onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí onílé sì padà wá ṣe ọdún Àjíǹde, igun bébà ti ṣí, ó ti ká wálẹ̀. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìyẹ̀fun pílásítà tí ó bò ó pátá: itọ́ náà kò jáwọ́, ìyẹ̀fun ni ó dì mú ṣinṣin, ìyẹ̀fun ni ó sì fi ògiri sílẹ̀. A ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní tiwa, ògiri lanu, a ta òdòdó bò ó lẹ́nu, aláǹgbá sì di onílé oníkọ́tìnnì.

Ibi tí ẹ̀rín wà nìyí. Ohun tí bébà náà ń béèrè kò ju ògiri gbígbẹ lọ, ògiri tí ó tẹ́jú, tí kò ní eruku, tí pílásítà rẹ̀, bí ó bá jẹ́ tuntun, ti lo nǹkan bí ọjọ́ 28. Ògiri tí kò ní ohun tí yóò fi pamọ́ nìkan ni ó ń gba ìbòjú náà. Èyí tí ó ní àléébù, tí a tìtorí rẹ̀ ń wá ìbòjú kiri, kò ní gbà á. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá, làpálàpá náà kò sì tún jinná.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú fáàrí yìí ṣáájú wa. Ní 1712, ìjọba wọn bu owó-orí lé bébà ara ògiri, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1836. Ó kéré tán, fáàrí tiwọn ń mú owó wọlé fún ọba.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn baba wa kò mọ ẹwà. Nígbà tí wọ́n ń fi amọ̀ mọlé, wọn a mọ ipele kan, wọn a dúró kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin yóò fi ẹ̀bọ́tọ pa ògiri, kí ó lè dán, kí ó sì lè le. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, lẹ́yìn tí iná jó ààfin ní 1912, Agbọnbiọfẹ, ọmọ ìdílé Adéṣínà, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, ni ó gbẹ́ àwọn òpó tuntun. Ẹlẹ́ṣin tí ó gbẹ́ sára òpó, iṣẹ́ òpó ni ó ń ṣe: bí a bá yọ ọ́ kúrò, òrùlé ni yóò wálẹ̀. Bí a bá yọ bébà tiwa kúrò, ìtìjú nìkan ni yóò jáde.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni kó bébà rẹ̀ dànù. Ẹni tí páànù rẹ̀ kò jò, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò fa omi, tí ògiri rẹ̀ gbẹ táútáú, kí ó lẹ òdòdó, kí ó lẹ bíríkì, kí ó lẹ igbó kìjikìji bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ògiri rẹ̀ ń sunkún, kí ó ṣírò iye tí bébà yóò máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó kó o fún bíríkìlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì fara da ọ̀dà funfun lásán fún Kérésì kan. Bí àlejò kan bá tìtorí èyí kọ̀ láti jẹ iyán ilé náà, ẹ bá mi gbé tirẹ̀ pamọ́. Mo ń bọ̀.