Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Kórìíra Ẹni Tí Kò Rí Rí

Kọ́kọ́ wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́. Bí o bá bú lánlọ́ọ̀dù rẹ tó ń fi owó kún owó ilé, yóò kó ẹrù rẹ síta. Bí o bá bú ọ̀gá rẹ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù ńkọ́? Bú u dalẹ́. Kò mọ ilé rẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi Yakubu Aiyegbeni kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní Durban, àwa Nàìjíríà àti Gúúsù Kòríà ń gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ayila Yussuf ta bọ́ọ̀lù sí Yakubu níwájú ilé tó ṣófo, ó gbá a síta. Pa tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀! Bí o bá jẹ́ kó máa lọ, wàá rí i tí ọkùnrin yìí kan náà gbá pẹnáritì wọlé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ayò fi di 2-2. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ba ìkórìíra jẹ́. Góòlù 95 tó jẹ ní Premier League ńkọ́? Ìyẹn kan àwọn òyìnbó.

Bí o bá ta tẹ́tẹ́ lórí eré náà, ó tún dára. Sọ fún ìyàwó rẹ pé agbábọ́ọ̀lù ló jẹ owó ọbẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kò pọn dandan. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ivory Coast nà wá 2-1 ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan. Kessié àti Haller ló gbá a wọlé. Alex Iwobi kì í ṣe aṣọ́lé, síbẹ̀ òun ni èébú bá, títí tó fi pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram. Ahmed Musa ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Má dá a lóhùn. Ṣebí balógun ẹgbẹ́ lásán ni nígbà náà.

Bí ọkàn rẹ bá béèrè ohun tó ṣe ọ́, dáhùn pé ọmọ wa ni. Ó ti pẹ́ tí o ti ń wò ó ní gbogbo Sátidé, tí o ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ jọ jẹun lánàá. Òun ni kò mọ̀ pé ẹ jọ jẹun. Èyí gan-an lo kò lè dárí rẹ̀ jì í.

Ìkìlọ̀ kan péré: má ṣe pàdé rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, wàá kàn ṣàdédé bá ara rẹ lórí ìdọ̀bálẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò!” Fọ́tò ọ̀hún yóò sì ti wà lórí Facebook kí o tó délé.